Lẹ́tà Tí Ojú Lè Kà

Ẹ̀yin ará tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà, ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe mi fún yín.

Ẹgbẹ́ àwọn ìyá tí mò ń kọ́ ní kí n bá wọn tẹ òfin ẹgbẹ́. Mo fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wọ ojú ìwé kan, kí owó má baà pọ̀. Lẹ́tà wá kéré, ó fún pọ̀, kò sí àmì lórí, kò sí àmì lábẹ́.

Òfin kẹrin ní kí olúkúlùkù mú ọkọ́ wá ní ọjọ́ iṣẹ́. Ohun tó wà nínú ìwé ni “mu oko wa”. Ìyá kan mú ọkọ rẹ̀ wá! Wọ́n fi rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wá sí kíláàsì mọ́.

Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo lọ bẹ̀ ẹ́, mo dá owó rẹ̀ padà.

A tún ìwé náà tẹ̀. Ní orí kọ̀ǹpútà, a yan lẹ́tà ìwọ̀n 14, irú èyí tí àmì ẹ, ọ àti ṣ hàn kedere nínú rẹ̀. A fi nọ́ńbà síwájú òfin kọ̀ọ̀kan, a sì fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn. Ó di ojú ìwé méjì. Kí a tó tẹ púpọ̀, a fún ìyá yẹn ní ẹyọ kan. Ó kà á délẹ̀: “Ọkọ́!”

Bí ìwé òfin bá ṣòro kà, ẹ má tètè sọ pé ẹ kò mọ̀wé. Ẹ ní kí wọ́n tún un tẹ̀.