Ìbọn Ara Ògiri Bàbá Àgbà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo ti kọ òwe yìí sínú ìwé ìdánwò rí, mo sì gba máàkì lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó ti wá yé mi, níwájú ìbọn kan tí ó ti gbó.

Ọ̀yọ́ ni àwọn òbí mi ń gbé; Ògbómọ̀ṣọ́ ni ilé bàbá tí ó bí bàbá mi. Ní ìsinmi tí ó kọjá, ọkùnrin kan tí ó máa ń ra ohun àtijọ́ kiri pè mí ní ọjà Akẹ̀sán, ó sì fi àwòrán ìbọn kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Ìbọn Amẹ́ríkà ni. Ó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, igi rẹ̀ ń dán, wọ́n sì fi idẹ ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Ó ní àwọn kan wà lọ́hùn-ún tí wọ́n máa ń kó irú rẹ̀ jọ, pé bí mo bá lè bá òun rí ọ̀kan, owó tí òun yóò fún mi yóò tó san owó ilé-ìwé ọdún kan. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Owó ilé-ìwé ń bẹ lọ́rùn mi, mo sì mọ ibi tí ìbọn gígùn kan wà: ara ògiri yàrá Bàbá àgbà.

Kí n má baà dà bí òpè, mo kàwé nípa ìbọn náà. Àwọn alágbẹ̀dẹ tí wọ́n ti Jámánì lọ tẹ̀dó sí Pennsylvania ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí rọ ọ́ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Wọ́n fa ilà sínú ihò rẹ̀, ilà tí ó ń yí bí ìkarahun ìgbín, kí ọta lè máa yí bí ó ti ń lọ, kí ó má sì yà lójú ọ̀nà. Òkúta ni ó kọ́kọ́ ń ṣáná sí ẹ̀tù rẹ̀. Bí òjò bá pa á, ó di igi lásán. Ní 1807 ni Alexander Forsyth, àlùfáà ará Scotland kan tí ó fẹ́ràn àtimáa dọdẹ ẹyẹ, gba ìwé-àṣẹ lórí ọgbọ́n mìíràn: oògùn tí ń gbiná bí a bá ti lù ú. Láti inú ọgbọ́n yìí ni ìdérí kékeré tí a fi bàbà ṣe ti jáde, èyí tí òòlù ìbọn yóò lù tí iná yóò fi wọlé bá ẹ̀tù. Òfin Amẹ́ríkà ti 1968 ka ìbọn tí wọ́n rọ ní 1898 tàbí ṣáájú rẹ̀ sí ohun àtijọ́. Ní ti wa, òfin ìbọn ti 1959 dárúkọ ṣakabùlà, ìbọn olókùúta àti ìbọn onídèérí, ó sì ní ẹni tí yóò ní in gbọ́dọ̀ gba ìwé-àṣẹ. Bàbá àgbà ní tirẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ kú ilé o, Bàbá.”

“Àjàní, ọmọ ọdẹ. Ṣé àlàáfíà ni?”

Mo ní mo wá kọ́ nípa ìbọn ni. Irọ́ ni mo pa. Bàbá gbé e sọ̀kalẹ̀, ó fi ọ̀pá tí a fi ń ki ẹ̀tù yẹ inú rẹ̀ wò pé kò sí nǹkan níbẹ̀, ó wá gbé e lé mi lórí itan. Onídèérí ni lóòótọ́. Ọkàn mi sọ kúlú. Mo tan iná fóònù sí ẹnu rẹ̀. Inú rẹ̀ jọ̀lọ̀, kò sí ilà kankan. Mo tún rí àmì kan lára irin rẹ̀: adé kékeré lórí ọ̀pá àṣẹ méjì tí ó dábùú ara wọn. Àmì yìí ni ilé ìdánwò ìbọn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Birmingham ní 1813 máa ń lù mọ́ ìbọn lára. Birmingham yìí àti Liège ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù rọ ìbọn púpọ̀ tí wọ́n kó wá tà ní etíkun wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Kì í ṣe ìbọn Amẹ́ríkà. Owó ti fò lọ.

“Kí ló dé tí ojú rẹ fi rẹ̀wẹ̀sì?” Bàbá bi mí.

Ara mi kò gbà á mọ́. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Bàbá dákẹ́ títí, lẹ́yìn náà ó fa ìbọn náà mọ́ra.

“Bàbá tó bí mi ló rà á. Èmi ni mo fi awọ ìgalà yìí dì í ní ọdún tí igi rẹ̀ sán. Ibi tó ń dán yìí, ọwọ́ bàbá mi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tèmi ló parí rẹ̀. Ó lórúkọ: Má-dójú-tì-mí. Ṣé o mọ̀ bẹ́ẹ̀?”

“Rárá, Bàbá.”

“Àjàní, bí mo bá lọ, àwọn ọdẹ yóò wá ṣe ìpa mi. Wọn yóò béèrè irinṣẹ́ mi lọ́wọ́ ẹ̀yin ọmọ. Ṣé owó ilé-ìwé ni ẹ óò kó fún wọn?”

N kò lè fèsì. Ọdún méjì ni mo ti ń gba ìjálá sílẹ̀ lẹ́nu Bàbá nítorí iṣẹ́ àṣekágbá mi. Mo mọ ibi tí ó ti ń fa ohùn àti ibi tí ó ti ń yí i padà. Ṣùgbọ́n mi ò bi í léèrè rí nípa ohun tí ó ń gbé lọ́wọ́ nígbà tí ó bá ń sun ún. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó sọ fún mi bí Ògúnlọlá, ọdẹ tí ó di Ṣọ̀ún, ṣe fi ọfà pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tí ó sì gbé orí rẹ̀ lọ fún Aláàfin. Ìtàn yẹn ti wà nínú ìwé. Ìtàn Má-dójú-tì-mí kò tíì sí níbẹ̀, èmi ni mo sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́.

Mo padà sí Ọ̀yọ́, mo sọ fún ọkùnrin náà pé n kò rí ohun tí ó ń wá. Àwọn ará ilé dá owó jọ fún mi. Díẹ̀ ṣì kù tí n kò tíì san.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń gbé ẹ̀rọ lọ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, bí wọ́n bá dánu dúró, ẹ má tíì dìde. Ẹ bi wọ́n léèrè nípa àkísà ara ògiri kí ó tó di pé ẹlòmíràn wá fowó lé e. Ire o.