Iṣẹ́ Rírán àti Àbọ̀ Rẹ̀

Lọ́dọọdún, nígbà tí mo bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Ìlútítun nípa àrokò, ẹyọ owó mẹ́fà ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí a fi ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí mọ̀ pé ọkàn ẹni tí ó rán an fà mọ́ òun. Bí ọ̀rọ̀ náà bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò fi ẹyọ mẹ́jọ dá a lóhùn, pé ọkàn àwọn méjèèjì jọra. Mo máa ń tẹnu mọ́ ọn pé títí ẹyọ mẹ́jọ yóò fi dé, iṣẹ́ kò tíì pé. N kò mọ̀ pé èmi fúnra mi kò tíì gbọ́ ẹ̀kọ́ náà yé.

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wà ní ilé ìwé wa tí a fi ṣe sáfà, tí ó ń bá àwọn yòókù tọ́jú ìwé àti èsì ìdánwò. Linux, èyí tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, ni ó ń darí rẹ̀. Kò sí àwòrán kankan lójú rẹ̀. Ojú dúdú lásán ni. A ó kọ àṣẹ sí i, yóò sì ṣe é. Nígbà tí mo mọ bí a ti ń fi ímeèlì ránṣẹ́ láti ibẹ̀, orí mi wú. Mo ń kọ mail -s, mo ń fi àkọlé àti àdírẹ́sì ẹni tí yóò gbà á tẹ̀ lé e, mo ń kọ ọ̀rọ̀ mi, mo sì ń tẹ Ctrl pọ̀ mọ́ D. Ó parí nìyẹn.

Ní ọdún kan, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, tí ìyá rẹ̀ ń ta púpurù, nílò lẹ́tà ìjẹ́rìí kí ó lè gba owó ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan péré. Mo kọ ọ́ bí ẹni tí ń kọ ti ọmọ bíbí inú rẹ̀, mo sì rán an. Ìyá náà bi mí pé, "Tíṣà, ṣé lẹ́tà náà ti lọ?" Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá, ó ti dé ọ̀dọ̀ wọn." Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọmọ náà wá bá mi tẹkúntẹkún. Wọn kò rí lẹ́tà kankan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tọ́jú ẹ̀rọ náà bi mí bóyá n kì í rí ọ̀rọ̀ tí ó ń kọ sí mi nígbà tí mo bá wọlé: You have mail. Mo ń rí i. Mo ṣe bí ẹ̀rọ ń kí mi ni. Àṣé ó ń sọ fún mi pé mo ní lẹ́tà. A ṣí i. Lẹ́tà mi ni wọ́n dá padà, pẹ̀lú ìdí rẹ̀.

Nínú òfin tí Jon Postel kọ fún irú lẹ́tà yìí ní ọdún 1982, ẹ̀rọ tí ó gbé lẹ́tà wá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí onílé, HELO, kí ó sọ orúkọ ara rẹ̀, ẹni tí ó rán an àti ẹni tí a rán an sí. Bí onílé bá gbà á, yóò dáhùn pé 250. Tiwa kò tilẹ̀ dé ibi ìkíni. Ẹnu ọ̀nà 25 ni ó fẹ́ gbà. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wa sì ti dí i nítorí àwọn oníjìbìtì tí ń gba ibẹ̀ tú lẹ́tà ìtànjẹ ká. Postfix, oníṣẹ́ inú ẹ̀rọ náà, gbìyànjú fún ọjọ́ márùn-ún, ó sì padà wá jábọ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni ó kù nígbà náà. Oníṣẹ́ kò jẹ̀bi. Èmi ni n kò gbọ́ àbọ̀.

Nísinsìnyí, ẹnu ọ̀nà 587 ni a ń gbà, lọ sọ́dọ̀ sáfà ńlá kan tí ó fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà dá wa mọ̀, kí ó tó bá wa gbé e lọ. Mo ń fi mailq wo lẹ́tà tí ó ṣì wà lọ́wọ́ oníṣẹ́, mo sì ń wá 250 nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, 250 kò ju pé lẹ́tà ti wọ inú ilé. Kò sọ pé ẹni tí ó ni ín ti kà á. Nítorí náà mo tún ń tẹ̀ wọ́n láago.

Odindi ọdún kan ni ọmọ náà fi dúró. Nígbà tí àkókò tún pé, mo tún lẹ́tà náà kọ. Ìyá rẹ̀ bi mí bóyá ó ti lọ. Mo ní, "Mo ti rán an, Màmá. Àbọ̀ ni mo ń retí."