Àpótí Limoges: Bàbà Tó Di Ohun Iyebíye

Ìyálọ́jà tó ń ta abọ́ tánganran mọ̀ pé irin ló wà nínú rẹ̀. Bí abọ́ náà bá já lulẹ̀ tí ara rẹ̀ bó, irin dúdú á yọjú. Gíláàsì ni ara dídán tó bò ó, iná ló sì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Ẹ̀hẹn! Irú iṣẹ́ yẹn ló sọ ìlú Limoges, létí odò Vienne ní ilẹ̀ Faransé, di olókìkí ní nǹkan bí 800 ọdún sẹ́yìn.

Bàbà lásán ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Wọn á fi irin mímú gbẹ́ ojú rẹ̀ bí ẹni ń fín igbá, wọn á lọ gíláàsì aláwọ̀ kúnná, wọn á rọ ọ́ sójú ibi tí wọ́n gbẹ́, ó di inú iná. Bó bá tutù, wọn á fi òkúta dán an, wọn á wá fi wúrà fẹ́ẹ́rẹ́ bo bàbà tó hàn síta. Ẹni tó bá rí i á ní odidi wúrà ni!

Ọjà ńlá dé fún wọn láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní December 29, 1170, jagunjagun mẹ́rin ti Ọba Henry Kejì fi idà pa bíṣọ́ọ̀bù àgbà Thomas Becket nínú ṣọ́ọ̀ṣì Canterbury. Ní 1173, póòpù kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́. Làwọn ṣọ́ọ̀ṣì bá ń wá ohun tó kan ara rẹ̀, wọ́n sì ń wá àpótí tó yẹ ẹ́. Limoges ni wọ́n gbà lọ.

Èyí tó tóbi jù nínú àwọn àpótí náà tó ṣẹ́kù wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní London. Ó rí bí ilé kékeré, gígùn rẹ̀ ò tó sẹ̀ǹtímítà 35. Lára rẹ̀, idà ń bọ̀ lórí Becket níwájú pẹpẹ. Lórí òrùlé, wọ́n ń sin ín, àwọn áńgẹ́lì ń gbé ọkàn rẹ̀ lọ sọ́run.

Ohun mímọ́ tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é ti pòórá. Iṣẹ́ ọwọ́ ló kù. Ní 1996, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin pọ́n-ùn tí wọ́n fi rà á, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ẹni tó ṣe é.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá kan ní Limoges, G. Alpais, kọ orúkọ tirẹ̀ sára ife ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣe ní nǹkan bí 1200. Ife náà wà ní Louvre, ní Paris, wọ́n ṣì ń pe orúkọ ẹ̀ dòní. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ gbọ́ o: ẹ kọ orúkọ yín sára iṣẹ́ yín!