Owó Òògùn Ojú Ìyá Mi Ni Mo Fi Ra Epo

Ìyá mi kò fi ojú òsì wọn ríran mọ́. Èmi ni mo jẹ̀bi rẹ̀, n ó sì sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

FESTAC l'Ékòó ni mo ń gbé, Marina ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Mile 2 lọ sí Marina. Kìlómítà 13 ni gbogbo rẹ̀, kì í sì í tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìjọba ti gé owó ọkọ̀ sí ìdajì nígbà náà, ₦375 ni wọ́n ń yọ lórí káàdì Cowry. Ìyàwó mi lọ ra káàdì náà fún mi lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó ní, "Olówó orí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dán an wò."

Inú dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò ni mo jù ú sí.

Mo kọ́kọ́ ní ìrìn ọkọ̀ náà kò pọ̀ lójúmọ́, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù Kẹwàá, iná mànàmáná ni wọ́n fi ń wa ọkọ̀ náà, ìrìn rẹ̀ sì pọ̀ sí i. Àwáwí tán, mi ò wọ̀ ọ́. Ìtìjú ni. Inú mọ̀lúẹ̀ ni mo ti jìyà títí mo fi jáde ilé ìwé, mo sì ti búra pé tí mo bá fi lè ra mọ́tò, mi ò ní dúró ní bọ́sítọ́ọ̀bù mọ́ láyé. Owó kóópù ibi iṣẹ́ wa ni mo yá tí mo fi rà á.

Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún yẹn, lítà tí kò tó ₦200 di ₦568 l'Ékòó kí oṣù Keje tó parí. Lítà mẹ́fà ni mo ń jó lójúmọ́. Ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún jẹ́ ₦17,040, láìka owó ibi tí mò ń gbé mọ́tò sí ní Marina. Ìgò òògùn ojú tí ìyá mi ń lò l'Ábẹ́òkúta, ₦14,000 ni nígbà náà, oṣù kan gbáko ni wọ́n sì fi ń lò ó.

Glaucoma ló ń bá Màámi jà. Irú tiwọn kì í dunni. Ṣe ló ń pa iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, èyí tó bá sì ti kú kì í jí mọ́. Òògùn tí wọ́n ń kán sí i lálaalẹ́ ló ń dá a dúró. Nígbà tí owó òògùn di owó epo, mo ní kí Màámi ní sùúrù, pé ìlú le. Wọ́n ṣàdúrà fún mi. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ti ń kán an, kí ìgò má baà tètè gbẹ.

Àárín ọ̀nà Badagry ni ojú irin náà gbà. Mo máa ń wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, epo á máa jó, ọkọ̀ náà á kọjá lápá òsì mi lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dé Orílé. Mo ń wò ó.

Lọ́dún 2024 mo lọ kí wọn nílé. Wọ́n nawọ́ gba ife omi lọ́wọ́ mi, ọwọ́ wọn gba ẹ̀gbẹ́ ife kọjá. Dókítà ní ojú òsì ti lọ, kí a tètè dáàbò bo ọ̀tún.

Mo ti ta mọ́tò náà, gbèsè kóópù ṣì kù. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Màámi. Wọ́n ní kí n dìde. Wọn kò sọ pé àwọn dárí jì mí, mi ò sì bi wọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Mile 2, ní Sátẹ́láìtì, ní FESTAC, tí iṣẹ́ yín wà ní Marina, mo bẹ̀ yín, ẹ gbé mọ́tò yín sílé lọ́la, kí ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ ìyá yín bóyá òògùn wọn kù.