Ọ̀YÁN: OMI TÍ A FI ILẸ̀ SÉ

Nínú ìrìnàjò wa lọ́tẹ̀ yìí, Ìlóbì ní ẹkùn Yewa ni a ti gbéra. Ní ọdún 1995 ni wọ́n pa orúkọ Ẹ̀gbádò dà sí Yewa. Odò tó ń ṣàn ní agbègbè yìí lọ sí ọ̀sà Bàdágìrì ni wọ́n fi sọ ara wọn. Ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ odò yẹ kó mọ iyì omi. Síbẹ̀, ojú òjò ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ níbẹ̀ ń wò. Bí òjò bá rọ̀ lásìkò, àgbàdo á yọmọ. Bí ó bá pẹ́ kó tó dé, owó irúgbìn ti wọlẹ̀ nìyẹn. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a lọ wo ibi tí wọ́n ti ń kó omi òjò pamọ́ de ẹ̀ẹ̀rùn: Dáàmù Ọ̀yán, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Abẹ́òkúta.

Ọ̀NÀ DÉ IBẸ̀

Láti Ìlóbì a dé Ìlaròó, a gba Papalantó já sí títì Abẹ́òkúta, a sì kọjá Ewékorò, ibi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì láti 1960. Nígbà tí a jáde ní Abẹ́òkúta, a yà sí ìhà àríwá àti ìwọ̀ oòrùn, nǹkan bí 20 kìlómítà.

Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé òkè ni òun ń wò. Òkìtì gbọọrọ ni, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 1,044, gíga rẹ̀ sì ju mítà 30 lọ. Ilẹ̀ tí wọ́n kó jọ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀. Kọnkéré ni wọ́n fi ṣe ibi tí omi ń gbà jáde, wọ́n sì fi ilẹ̀kùn irin ńlá mẹ́rin sí i. Lẹ́yìn òkìtì náà ni omi tẹ́ lọ salalu. Odò Ọ̀yán àti Odò Ọ̀fìkì ló pàdé níbẹ̀, kí wọ́n tó lọ bá Odò Ògùn. Àwọn apẹja wà nínú ọkọ̀ wọn. A kí wọn pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o," wọ́n sì dáhùn pé, "Ẹ kú ìrìn."

Ààrẹ Shehu Shagari ló ṣí dáàmù yìí ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta, 1983. Abẹ́ àjọ tó ń mójú tó àfonífojì odò Ògùn òun Ọ̀ṣun ló wà.

BÍ ILẸ̀ ṢE Ń DÁ OMI DÚRÓ

Ẹnìkan lè bi wá pé, ṣé omi kì í wó ilé alámọ̀ ni? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọn kì í kàn da ilẹ̀ jọ lásán. Amọ̀ tó ki, tí omi kì í tètè là kọjá, ni wọ́n máa ń fi sí àárín irú dáàmù bẹ́ẹ̀. Wọn á tẹ́ ẹ ní ìpele ìpele, ẹ̀rọ wúwo á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi le. Wọn á to òkúta sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí omi kí ìgbì má baà jẹ ẹ́.

Ọ̀tá méjì ni irú òkìtì bẹ́ẹ̀ ní. Èkíní ni kí omi kún àkúnya, kó gba orí rẹ̀ kọjá. Èkejì ni ihò kékeré tí omi ń yọ́ gbà lábẹ́lẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, dáàmù alámọ̀ méjì já ní ìlú Derna ní Líbíà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló sì bá a lọ. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, Dáàmù Alau já, omi sì bo ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Maiduguri. Kékeré la ti ń wo ihò, kó tó di ojú odò.

OHUN TÍ OMI NÁÀ WÀ FÚN

Adágún Ọ̀yán fẹ̀ tó hẹ́kítà 4,000. Ó lè gba omi mílíọ̀nù 270 kúbíìkì mítà. Bí a bá ní kí táńkà tó ń gbé lítà 10,000 máa rọ ọ́, ó di ìrìn mílíọ̀nù 27. Nítorí kí Èkó àti Abẹ́òkúta lè rí omi mu ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Wọ́n tún pète pé kí ó bomi rin oko hẹ́kítà 3,000 ní ìsàlẹ̀ Odò Ògùn, lápá Mokólòkí. Wọ́n gbé ẹ̀rọ iná mẹ́ta síbẹ̀ ní 1983, mẹgawáàtì mẹ́ta lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n títí di 2007 wọn kò tíì lò wọ́n. Ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù, ṣùgbọ́n ó ní láti gbé ẹsẹ̀ kó tó lè tẹ̀ ẹ́.

ÀRÙN TÓ BÁ OMI WỌLÉ

Nígbà tí omi bo ilẹ̀, àwọn ará abúlé ṣí lọ tẹ̀dó sí ibi tuntun. Ìwádìí àwọn onímọ̀ tó jáde ní 1991 fi hàn pé àtọ̀sí ajá ti bẹ́ sílẹ̀ ní méjì nínú àwọn abúlé bẹ́ẹ̀. Omi tó dúró jẹ́ẹ́ ni ìgbín kékeré inú odò fẹ́ràn. Bí alárùn bá tọ̀ sínú omi, ẹyin kòkòrò náà á pa, ọmọ rẹ̀ á wọ inú ìgbín lọ dàgbà, á sì jáde pada sínú omi. Awọ ara ẹni tó ń wẹ̀, tó ń fọṣọ tàbí tó ń pẹja ló ń gbà wọlé. Bí ó bá yá, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí tọ ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe rò pé àmì pé ọmọkùnrin ti ń bàlágà ni. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe àtọ̀sí tí wọ́n ń kó lára obìnrin. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ó lè ba àpò ìtọ̀ jẹ́, ó sì lè di jẹjẹrẹ. Ó tún máa ń ṣe ojú ara obìnrin ní jàm̀bá. Oògùn rẹ̀ wà: praziquantel. Ẹ mú ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó fún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá padà sínú omi kan náà, ó lè tún kó o. Nítorí náà, ilé ìgbẹ́ àti kànga tó dára ni kí a jọ máa béèrè fún.

NÍGBÀ TÍ ILẸ̀KÙN BÁ ṢÍ

Bí òjò bá pọ̀, àwọn alábòójútó ní láti ṣí ilẹ̀kùn, kí omi má baà gba orí òkìtì. Ààbò dáàmù nìyẹn, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ odò ló máa ń gba omi náà. Ní oṣù kẹwàá 2010, ọ̀pọ̀ ará Ajégúnlẹ̀ ní ọ̀nà Ìkòròdú sá fi ilé wọn sílẹ̀ nígbà tí omi Ọ̀yán dé. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ lẹ́bàá Odò Ògùn, kó kọ́kọ́ béèrè ibi tí omi máa ń dé ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá. Ilẹ̀ tó pọ́ọ́kú lè jẹ́ ọ̀nà omi.

Bí a ti ń padà sí ẹkùn Yewa, ọ̀rọ̀ tí a ń bá ara wa sọ ni pé bí a bá fẹ́ ìsédò ní ìlú tiwa, kí a béèrè ilé ìwòsàn, omi ẹ̀rọ àti olùtọ́jú tí yóò máa yẹ òkìtì náà wò pẹ̀lú rẹ̀. Iṣẹ́ kò parí ní ọjọ́ tí ààrẹ bá wá ṣí i.