Bíà Aláwọ̀ Wúrà ti Ìlú Manchester

Ẹ̀yin ìyàwó ilé àti ẹ̀yin abiyamọ, orúkọ ìlú Manchester kì í ṣe àjèjì ní ilé àwọn ìyá wa àgbà. Aṣọ òwú tí wọ́n ń hun ní agbègbè ìlú náà ni ọkọ̀ òkun ń kó wá sí Èkó ní ìgbà ayé wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì fi aṣọ náà pọn ọmọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí aṣọ ni mo fi fẹ́ mú yín rin ìlú náà lónìí. Nítorí ọtí ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo fẹ́ sọ yín di ọ̀mùtí. Abóyún kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan ọtí rárá, ìyá tí ó ń fún ọmọ lọ́mú sì ní láti ṣọ́ra gidigidi. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ọtí yìí, ọ̀rọ̀ ọwọ́ àti ahọ́n ni, ó sì kan gbogbo obìnrin tí ó ń dáná.

Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ Victoria, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1844, ẹ fa aṣọ òtútù yín mọ́ra, nítorí òjò Manchester kì í ránṣẹ́ kí ó tó dé. Ẹ kọjú sí ìhà àríwá. Ìrìn náà kò jìnnà. Lókèèrè ni ẹ óò ti máa rí ilé-ìṣọ́ gíga ti ọgbà ẹ̀wọ̀n Strangeways, ọgbà tí ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1868. Kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ óò bá ilé-ẹ̀kọ́ tuntun kan pàdé, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2022, tí àwọn ọ̀dọ́ ń wọ inú rẹ̀ tí wọ́n sì ń jáde. Ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Lórí ilẹ̀ tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń kẹ́kọ̀ọ́ yìí ni ilé ìpọntí Boddingtons ti wà fún ọdún tí ó lé ní 220.

Ọdún 1778 ni àwọn oníṣòwò méjì dá ilé ìpọntí náà sílẹ̀. Ní ọdún 1832 ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Henry Boddington wọ ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ tí ń kiri wá oníbàárà. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1853, òun nìkan ni ó ni ín. Bọ́ǹbù ogun àgbáyé kejì bà á jẹ́ ní ọdún 1940, síbẹ̀ ó dìde padà. Ní nǹkan bí ọdún 1970, ilé-iṣẹ́ ọtí ńlá kan fẹ́ rà á gbé mì, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí Boddington kọ̀, àwọn ará ìlú sì yìn wọ́n gidigidi. Ọ̀pá èéfín rẹ̀ tí ó ga sókè ni àlejò fi ń mọ̀ pé òun ti dé Manchester.

Kí ni ó mú kí àwọn ènìyàn fẹ́ràn bíà náà tó bẹ́ẹ̀? Lọ́nà kìíní, àwọ̀ rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ nínú bíà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ìgbà náà a máa pọ́n bí idẹ, tàbí kí ó dúdú díẹ̀. Ti Boddingtons mọ́ bí wúrà, àwọ̀ rẹ̀ dàbí koríko gbígbẹ tí oòrùn ń ràn sí. Lọ́nà kejì, ó korò, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ṣúgà kankan tí ó ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fọ ewúro sọbẹ̀ yóò tètè mọ ohun tí mo ń wí. A kì í fọ ewúro títí tí yóò fi di ewé lásán. A máa ń ṣẹ́ díẹ̀ kù nínú rẹ̀, nítorí pé adùn ni í gbẹ̀yìn ewúro. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ará Manchester rí bíà tiwọn.

Bí a ti ń ṣe é kò ṣe àjèjì sí wa. Wọn a rẹ ọkà báálì sínú omi, wọn a jẹ́ kí ó hù díẹ̀, wọn a sì gbẹ ẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe àgbàdo ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti ọkà bàbà tí wọ́n fi ń pọn òtíkà. Híhù yìí ni ó ń mú kí ọkà ní adùn. Wọn a lọ̀ ọ́, wọn a da omi gbígbóná sí i, wọn a sì sẹ́ omi dídùn náà. Ibi tí tiwọn ti yàtọ̀ ni pé wọn a se omi náà pẹ̀lú òdòdó ewéko afàgi kan tí a ń pè ní họ́ọ̀pù. Òun ni ó ń fún bíà ní ìkorò, òun ni kì í sì jẹ́ kí ó tètè bàjẹ́. Nígbà tí ó bá tutù, wọn a fi ìwúkàrà sí i, ìwúkàrà a sì jẹ adùn inú rẹ̀, a sọ ọ́ di ọtí.

Ẹ má sì ṣe rò pé iṣẹ́ ọkùnrin ni èyí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ní nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn, àwọn obìnrin ni ó ń pọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọtí tí ìlú ń mu. Nínú ìkòkò tí wọ́n fi ń dáná fún ọmọ wọn ni wọ́n ti ń pọn ọ́n, wọn a sì ta èyí tí ó bá ṣẹ́kù fún aládùúgbò. Láti nǹkan bí ọdún 1266 ni òfin ti wà lórí iye tí wọn yóò máa tà á, ìlú sì ń yan ẹni tí yóò máa tọ́ ọtí wò kí wọ́n tó tà á, kí ẹnikẹ́ni má bà á fi omi rẹ́ aráyé jẹ. Nígbà tí bíà onígbà pípẹ́ tí a fi họ́ọ̀pù ṣe gbilẹ̀, tí ó di òwò olówó ńlá, díẹ̀díẹ̀ ni iṣẹ́ náà bọ́ kúrò lọ́wọ́ obìnrin. Nígbà tí ó fi di ọdún 1600, ọwọ́ ọkùnrin ni ó pọ̀ jù sí.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Strangeways. Ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ràn láti ilé ọtí kan dé èkejì: àwọn tí ó ti ń mu bíà náà láti ìgbà èwe wọn ń sọ pé kì í ṣe bí ó ti rí tẹ́lẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ìkorò rẹ̀ ti rọ̀, wọ́n ní ó ti ń dùn lẹ́nu. Kò sí ẹni tí ó lè tọ́ka sí ọjọ́ kan pàtó pé ọjọ́ yìí ni ó yí padà. Ní ọdún 1989 ni wọ́n ta ilé ìpọntí náà fún ilé-iṣẹ́ Whitbread ní nǹkan bí 50 mílíọ̀nù pọ́ùn. Ní àwọn ọdún 1990, ìpolówó rẹ̀ kún orí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì ń rọ ọ́ sínú agolo tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń mú kí ó hó bí wàrà. Òkìkí rẹ̀ kàn ju ti ìgbàkígbà rí lọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2000 ó tún bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù kan, Interbrew, ní ọdún 2005 sì ni wọ́n ti ilẹ̀kùn ilé ìpọntí náà pa. Ní ọdún 2007 wọ́n wó o lulẹ̀.

Èyí tí a ń rọ sínú agolo lọ sí Samlesbury, lẹ́bàá ìlú Preston. Èyí tí a ń fà láti inú àgbá lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn apọntí mìíràn ní Moss Side. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó ń gbé Manchester mọ Moss Side dáadáa, nítorí pé àdúgbò tí àwọn aláwọ̀ dúdú ti pẹ́ sí ni. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń pọn ọ́n títí di ọdún 2012, tí wọ́n fi dá ti inú àgbá dúró.

Nísinsìnyí ni mo dé ọ̀dọ̀ àwọn tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, èyíinì ni àwọn apọntí inú ilé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1880 ni ẹni tí ó bá fẹ́ pọn bíà nílé ti ní láti gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba. Ní ọdún 1963 ni Reginald Maudling, ẹni tí ó ń ṣe mínísítà ètò ìnáwó, fagi lé òfin náà. Láti ìgbà náà ni àwọn òṣìṣẹ́, olùkọ́ àti onímọ́tò ti ń pọntí nínú ilé ìdáná wọn. Ní ọdún 1978, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Dave Line tẹ ìwé jáde tí ó fi kọ́ wọn bí wọn yóò ti pọn irú àwọn bíà tí wọ́n ń rà lọ́jà. Títí di òní, bí àwọn ènìyàn wọ̀nyí bá kóra jọ, ọ̀rọ̀ bíà aláwọ̀ wúrà ti Manchester kì í pẹ́ kí ó tó délẹ̀: ǹjẹ́ ó yí padà lóòótọ́, àbí àwọn tí ń mu ún ni ó yí padà?

Ẹ gbọ́ àríyànjiyàn wọn, nítorí ó kún fún ọgbọ́n. Ọ̀kan a ní ahọ́n ènìyàn a máa darúgbó bí ojú ti ń darúgbó, àti pé ohun gbogbo ni ó máa ń dùn ní ìgbà èwe. Òmíràn a ní ẹ̀bi ilé ọtí ni: bíà inú àgbá wà láàyè, bí a bá ṣí i tí ó pẹ́ jù, tàbí bí ọ̀pá tí ó ń gbà kọjá bá dọ̀tí, kò lè dùn. Ẹ̀kẹta a ní rárá, họ́ọ̀pù ni wọ́n dín kù, ṣúgà ni wọ́n sì jẹ́ kí ó ṣẹ́kù. Ọ̀rọ̀ kò sì parí sí ẹnu lásán. Àwọn ilé ìpọntí a máa kọ ìwọ̀n ọkà àti họ́ọ̀pù tí wọ́n lò sínú ìwé ńlá. Apọntí inú ilé tí ó bá rí irú ìwọ̀n àtijọ́ bẹ́ẹ̀ yóò pọn ọ́n bí ó ti wà, yóò sì gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ó rà.

Wọ́n ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń dán ahọ́n wò, tí ẹ̀yin náà lè lò nílé. Ife mẹ́ta ni wọn a gbé kalẹ̀. Ohun kan náà ni yóò wà nínú méjì, ohun mìíràn yóò sì wà nínú ẹ̀kẹta. Ẹni tí ó ń tọ́ ọ wò kò ní mọ èyí tí í ṣe èwo. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tọ́ka sí èyí tí ó yàtọ̀. Nítorí pé ẹni tí kò mọ nǹkan kan pàápàá lè ṣèèṣì mú un lẹ́ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹta, wọn a tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì nípa epo pupa tuntun tàbí gààrì oníbàárà tuntun, ẹ lo ife mẹ́ta yìí kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni jà.

Ilẹ̀ tiwa náà ti rí ìyípadà nínú bíà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1988, òfin ìjọba Nàìjíríà tí ó dá kíkó ọkà báálì wọlé dúró bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn ilé ìpọntí wa sì yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo, ọkà kan náà tí àwọn ìyá òtíkà àti ìyá oníṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ti ń lò láti ayébáyé. Ṣùgbọ́n ìyípadà tí a kéde ni ìyẹn. Olúkúlùkù mọ ìdí rẹ̀, ó sì lè bá a jiyàn. Èyí tí ó léwu ni ìyípadà tí kò ní ọjọ́, tí a dín díẹ̀ kù lónìí, tí a dín díẹ̀ kù lọ́la, títí tí àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn rẹ̀ yóò fi rò pé bí ó ti ń rí nìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin aya àti ìyá, ohun tí àwọn ará Manchester fi mọ ohun tí wọ́n pàdánù kò ju méjì lọ: ọwọ́ tí ó lè ṣe é fúnra rẹ̀, àti ìwọ̀n tí a kọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní èkíní, a kò ní èkejì. Ìyá ọkọ yín mọ iye ọjọ́ tí àgbàdo ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ fi ń hù. Ìyá tí ó bí yín mọ ìgbà tí omi ògì kan tó. Orí ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, orí kan ṣoṣo sì ni. Bí ẹ bá tún lọ kí wọn, ẹ mú ife kan àti ìwé kan dání. Bí ìyá bá bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó dà á sínú ife náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ iye omi, ẹ kọ iye ọjọ́, ẹ kọ bí òórùn rẹ̀ ti rí nígbà tí ó pé. Kí ẹ sì fi ìwé náà sí ibi tí ọmọbìnrin yín yóò ti rí i.