Ojú Mi Kọ́, Lẹ́tà Ni



Ọmọ mi ra ojú kọ̀ǹpútà 4K oní-íǹṣì 27 fún mi. Ẹyọ ìmọ́lẹ̀ wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ jẹ́ 3840 ní ìbú, 2160 ní òòró. Linux, ètò ọ̀fẹ́ tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991, ni kọ̀ǹpútà mi ń lò. Mo ṣí Àlùkùránì: àmì orí lẹ́tà dà bí ẹyin iná! Mo ti ń ṣírò owó dókítà ojú. Àṣé bí ẹyọ ìmọ́lẹ̀ ti kéré tó ni lẹ́tà ṣe kéré. Mo lọ síbi Displays ní GNOME, mo yí Scale sí 200%. Lẹ́tà di ìlọ́po méjì, ó mọ́ kedere. (Ẹni tó bá fẹ́ HDR fún àwòrán, GNOME 48 ti 2025 ni kí ó wá.) Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ka Yásíìn parí láìwọ awò.